Ta Ni Yóò San Owó Ẹran Tí Dókítà Gbẹ́sẹ̀ Lé?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, bí wọ́n bá dárúkọ ẹran halálì ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀bẹ àti Bísímílláhì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ta ni ó pa á? Ǹjẹ́ Mùsùlùmí ni? Ǹjẹ́ ó dárúkọ Ọlọ́hun sí i? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́hun ń pàṣẹ oúnjẹ fún ẹ̀dá nínú Sūratul-Baqarah, ìwà méjì ni Ó so pọ̀ mọ́ ara wọn: kí oúnjẹ náà jẹ́ halálì, kí ó sì jẹ́ tọ́yíbù, èyíinì ni ohun tí ó mọ́ tí ó sì dára. Èkejì yìí ni àwọn ènìyàn ń fò dá. Màlúù tí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́hun pa, tí inú rẹ̀ sì kún fún àrùn, ọ̀bẹ ti ṣe tirẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù tí wọ́n ń jẹ ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, Òkè Ọya ni wọ́n ti kó wọn wá, láti Sókótó, Kánò, Bọ̀nọ́ àti Adámáwá. Òmíràn tilẹ̀ ti ilẹ̀ Nìjẹ̀ tàbí ilẹ̀ Ṣáàdì wọlé. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Nígbà tí ojú irin Èkó dé Kánò ní 1912, ọkọ̀ ojú irin náà bá wọn gbé e. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Eṣinṣin tsetse tí ń fa àrùn sunrunsunrun ni kò jẹ́ kí màlúù oníké ńlá gbilẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Màlúù kúkúrú aláìníké tí wọ́n ń pè ní mùtúrù ni ó lè fara dà á, àti N'Dama tí ó ti Futa Jallon ní ilẹ̀ Gíní wá. Nítorí náà, alápatà ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ màlúù tí ó fẹ́ pa. Kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ agbo tí ó ti jáde.

Ní ọjà màlúù, ìbáà ṣe Akínyẹlé ní Ìbàdàn tàbí Kárà tí ó wà lẹ́bàá odò Ògùn ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, alágbàtà tí wọ́n ń pè ní dìláálì ni ó dúró láàrin ẹlẹ́ran àti alápatà. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ẹran níbẹ̀. Alápatà yóò wo iké, yóò wo itan, yóò fi ọwọ́ tẹ egungun ìhà, yóò sì dá iye lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í san owó tán lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò gba màlúù náà ní àwìn, kí wọ́n tó ta á tán kí wọ́n tó padà lọ san gbèsè. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà: ohun tí kò rí ni alápatà ń fi gbèsè rà.

Ní odò ẹran ni inú màlúù ti ń di ohun tí ojú rí. Òfin ni pé kí dókítà ẹranko yẹ màlúù wò nígbà tí ó ṣì wà lóòró, kí ó sì tún yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Yóò la fùkù, yóò la ẹ̀dọ̀, yóò gé àwọn kókó ọrùn àti ti àyà. Lára ohun tí ó ń wá ni ikọ́ ife ti màlúù, tí kòkòrò Mycobacterium bovis ń fà, tí ó sì ń ran ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni àrùn náà wà, ibẹ̀ ni yóò gé dànù. Bí ó bá ti tàn ká ara, gbogbo màlúù náà ni yóò gbẹ́sẹ̀ lé.

Fùkù tí àrùn yìí bá wọ̀ máa ń ní kókó wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀gúsí, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní fùkù ẹlẹ́gùúsí. Orúkọ ọbẹ̀ ni wọ́n fún àrùn! Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 láàrin àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ẹran ní Nàìjíríà fi hàn pé àwọn kan máa ń jẹ irú fùkù bẹ́ẹ̀ lójú oníbàárà, láti fi dá a lójú pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ní 2006, àwọn onímọ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn jáde: wọ́n bá kòkòrò ikọ́ ife ti màlúù lára ènìyàn pẹ̀lú.

Àwọn alápatà máa ń sọ pé iná ń pa á. Òótọ́ ni pé ẹran tí ó bá jinná dénú kò ní kòkòrò náà láàyè mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò se èémí tí màlúù mí sí ojú ẹni tí ó dì í mọ́lẹ̀? Ta ni yóò se fùkù tí wọ́n jẹ ní tútù? Nọ̀nọ́ tí wọn kò gbé kaná náà kò yàtọ̀. Wàrà tí ó ti hó lórí iná sàn jù ú lọ.

Kí ni ó wá mú kí Mùsùlùmí tí ń kírun wákàtí márùn-ún fi ẹran aláìsàn pamọ́ fún dókítà? Gbèsè ni. Bí dókítà bá gbẹ́sẹ̀ lé màlúù, dìláálì kò ní dárí owó rẹ̀ jì, kò sì sí ẹni tí yóò san án padà fún alápatà. Òwò ọdún púpọ̀ lè bá màlúù kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà ni ó ṣe ń bẹ̀bẹ̀, tí ó ń fi owó di ẹnu, tàbí tí ó ń dúńbú ẹran ní ẹ̀yìnkùlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Wáàsí tí ó bá ń fi iná ọ̀run dẹ́rù bà á, tí kò sì sọ ohunkóhun nípa gbèsè rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni irú wáàsí bẹ́ẹ̀ ṣe.

Kí ni Ṣẹ̀ríà wí? Ànábì (SAW) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà, ìka rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ni. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì ya ara rẹ̀ kúrò lára oníyànjẹ. Ìdájọ́ yìí kan dìláálì tí ó mọ̀ pé màlúù òun ń wúkọ́ kí ó tó kan alápatà. Bí àléébù bá wà lára ọjà tí ẹni tí ó tà á fi pamọ́, ẹni tí ó rà á ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà.

Ṣùgbọ́n àléébù tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó ńkọ́? Àwọn onímọ̀ Málíkì, tí ojú ọ̀nà wọn ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí ń tọ̀, fi igi tí kòkòrò ti jẹ nínú ṣe àpẹẹrẹ: ohun tí a kò lè mọ̀ àfi bí a bá là á, a kì í dá a padà, àyàfi bí wọ́n bá ti ṣe àdéhùn rẹ̀ níbi ìdúnàádúrà. Fùkù jọ igi yẹn. Bí alápatà kò bá bá dìláálì ṣe àdéhùn ní ọjà, òun nìkan ni yóò gbé òfò náà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn alápatà jókòó pẹ̀lú àwọn dìláálì lórí àdéhùn yìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹlẹ́rìí sí i.

Bí àwọn dìláálì bá kọ̀, ọ̀nà kan ṣì wà tí kò dúró dè wọ́n. Ànábì (SAW) yin àwọn ẹ̀yà Aṣ'arí, nítorí pé bí oúnjẹ bá ń tán lọ́wọ́ wọn, wọn a kó gbogbo èyí tí ó kù jọ sínú aṣọ kan, wọn a sì pín in dọ́gba-dọ́gba. Àwọn alápatà odò ẹran kan lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa, kí wọ́n dá owó díẹ̀ sí àpò kan, ní ọrẹ, láìsí èlé, láìsí tẹ́tẹ́. Ẹni tí dókítà bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹran rẹ̀ yóò mú ìwé dókítà wá, yóò sì gba iye tí ó ra màlúù náà, láìsí èrè lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹran pamọ́ fún dókítà kò ní gba nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tí ń wúkọ́ nítorí pé ó pọ̀kú. Kí wọ́n sun ẹran tí dókítà gbà lójú àwọn ẹlẹ́rìí, nítorí èyí tí wọ́n bá kàn bò mọ́lẹ̀, òru ni wọ́n ń padà wá hú u.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ìṣirò owó, ẹni tí yóò máa kọ ìwé àpò náà, àti fún ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta.

Kí wọ́n má sì gbàgbé àwọn obìnrin tí ń ra fùkù, ẹ̀dọ̀, ṣàkì àti ìfun lọ́wọ́ alápatà. Fùkù ni dókítà máa ń kọ́kọ́ là, àwọn obìnrin wọ̀nyí sì ti lè san owó rẹ̀ ṣáájú kí ó tó là á. Bí àpò náà bá jẹ́ ti àwọn ọkùnrin nìkan, inú igbá wọn ni fùkù ẹlẹ́gùúsí yóò ṣì máa bá dé ọjà. Kí wọ́n dá ìwọ̀n tiwọn, kí wọ́n gba ìwé tiwọn, kí ẹnì kan nínú wọn sì wà lára àwọn tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ wọn.