Ta Ni Yóò Kọ Ṣọ́ọ̀bù Wa Sórí Máàpù?
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Òkìtìpupa

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan. Mi ò ní í jẹ́ kí oúnjẹ yín tutù.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó àti Ìbàdàn wá ni máàpù inú fóònù fi ọ̀nà hàn. Ó mọ ọ̀nà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí táyà bá jò nítòsí Igbótakò, tí ẹ ní kí fóònù wá ẹni tó ń lẹ táyà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lẹ táyà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni yóò gbé jáde. Àwọn tí ẹnì kan ti kọ sínú rẹ̀ nìkan ni. Bí kò bá sí ẹni tí a kọ sílẹ̀ nítòsí, ó lè ní kí ẹ padà sí Òrè, nígbà tí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ náà jókòó lábẹ́ igi lójú ọ̀nà kan náà, tó ń retí oníbàárà.

Oṣù kejì ọdún 2005 ni Google gbé máàpù rẹ̀ jáde. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé orí fóònù ní Amẹ́ríkà, tòun ti wíwá ilé ìtajà. Ó rọrùn fún wọn níbẹ̀, nítorí pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ní ìwé ńlá tí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníṣòwò wà nínú rẹ̀. Ìwé tó kọ orúkọ ẹni tó ń ta púpurú ní Ìkọ̀yà dà? Sátẹ́láìtì lè rí òrùlé láti òkè, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ni télọ̀ jókòó sí. Àwa tí a ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo Mákòkò ní Èkó, níbi tí àwọn aládùúgbò wa Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn ń gbé lórí omi. Ìlú ńlá ni, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan níbẹ̀ lórí máàpù títí di 2019. Ọdún náà ni ẹgbẹ́ Code for Africa bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúróònù ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ní iṣẹ́ ọ̀hún. Orí OpenStreetMap ni wọ́n kó o sí, ìyẹn máàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan kún.

Iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe, nítorí náà ibi tí olè lè gbà wọlé ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Ní 2018, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, àwọn gbájú-ẹ̀ wọ inú máàpù Google, wọ́n yí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ka Bank of India kan sí tiwọn. Oníbàárà á wá nọ́ńbà báńkì rẹ̀, á pè é, á sì ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀ fún olè pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Wọn kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan o! Google gba gbogbo ayé láyè láti dábàá àtúnṣe, wọ́n sì lo àyè náà. Bí a bá gbé e sí báńkì, kí ni wọn kò lè ṣe sí ṣọ́ọ̀bù ìyá wa tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun wà lórí máàpù? Nítorí náà, kí oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ gba ojú ewé rẹ̀, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, nítorí àwọn ẹlòmíràn ṣì lè dábàá àtúnṣe lẹ́yìn náà.

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí Google tó kọ yín sílẹ̀, ẹ lé e. Wọ́n lè ní kí o ya fídíò àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù àti ohun tó fi hàn pé ìwọ lo ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń tò wá lẹ́sẹẹsẹ: bí iṣẹ́ wa ṣe bá ohun tí èèyàn ń wá mu, bí a ṣe súnmọ́ ọn tó, àti bí a ṣe gbajúmọ̀ tó.

Ibi àkọ́kọ́ yẹn ló kàn wá jù. Ẹ wo pátákó wa: "God's Grace Ventures", "Divine Favour Enterprises". Ta ló lè mọ̀ bóyá epo pupa ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tàbí pákó? Google kò fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kún orúkọ tó wà lára pátákó, ṣùgbọ́n àyè wà láti yan irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ kọ àkókò ìṣíṣọ́ọ̀bù bó ṣe rí gan-an pẹ̀lú. Bí kò bá sí iná ọba tí ẹ sì ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà, ẹ má kọ aago mẹ́wàá. Ìyá tó ń se oúnjẹ tà láti ilé, tó ń gbé e lọ bá oníbàárà, lè fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ pamọ́, kí ó kọ àdúgbò tó ń gbé e dé nìkan.

Ìdí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olusegun Agagu wà láàárín wa níbí. Fóònù ni wọ́n fi ń wá ibi tí wọn yóò ti gé irun tàbí tẹ ìwé. Àwọn tó ń wálé sìnkú lọ́jọ́ Sátidé náà ń wá ilé ìtura àti alásè. Owó wọn ti wọ ìlú tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò ná an sí.

Mo ti bá Ààrẹ sọ ọ́, ó sì gbà kí n dá a lábàá: lọ́dún yìí, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ṣọ́ọ̀bù méjì sórí máàpù, tirẹ̀ àti ti aládùúgbò kan tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò tó ìdá mẹ́wàá owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a wọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ náà yẹ wá. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé. Bí ẹ bá jẹun tán, kí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ fi orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ Ajé, a ó wá bá yín níbi iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni a ti ní láti ya fídíò náà.