Ẹ Jẹ́ Ká Lọ sí Erékùṣù Àwọn Ahun

Lónìí, ẹ jẹ́ ká jọ rìnrìn àjò.

Àwọn erékùṣù kan wà lójú òkun Pàsífíìkì. Galápagos ni orúkọ wọn. Ilẹ̀ Ẹ̀kúádọ̀ ló ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà sí etí òkun ilẹ̀ náà tó nǹkan bíi 1000 kìlómítà. Àwọn ará Sípéènì ló sọ wọ́n lórúkọ náà, nítorí ahun tó pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ mọ ahun, àjàpá inú àlọ́. Ti ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé sínú agbọ̀n o! Òmíràn wúwo tó 250 kílò: ìyẹn àpò ìrẹsì 50 kílò, márùn-ún. Ó sì lè gbé ayé ju 100 ọdún lọ.

Kí ló wá fẹ́ẹ̀ pa wọ́n run? Ahun lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ, láìmu. Nítorí náà, àwọn atukọ̀ àtijọ́ ń kó wọn sínú ọkọ̀, wọ́n ń pa wọ́n jẹ lójú òkun. Lẹ́yìn náà, èèyàn kó ewúrẹ́ débẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ṣebí ẹ mọ ohun tí ewúrẹ́ tí a ò so ń ṣe nínú oko? Wọ́n jẹ ewé, wọ́n jẹ koríko, oúnjẹ ò kù fún ahun mọ́.

Ní erékùṣù Española, ahun 14 péré ló kù: abo 12, akọ 2. Àwọn olùtọ́jú kó wọn lọ sí erékùṣù mìíràn. Wọ́n mú akọ 1 wá láti Amẹ́ríkà kún wọn. Wọ́n ń tọ́jú ẹyin wọn, wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn. Ní ọdún 1978, wọ́n pa ewúrẹ́ Española tán. Ní ọdún 2020, wọ́n dá àwọn àgbà 15 yẹn padà sílé. Àwọn ọmọ tó ti ṣáájú wọn débẹ̀ ju 1500 lọ!

Láti ọdún 1959 ni òfin ti ń dáàbò bo àwọn erékùṣù yìí. Àlejò gbọ́dọ̀ bá afinimọ̀nà rìn. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹranko. Kó fi mítà 2 jìnnà sí i. Wọ́n á sì yẹ ẹrù rẹ̀ wò, kó má baà gbé irúgbìn tàbí kòkòrò àjèjì wọlé.

Ẹ̀yin ará, ẹ wá ronú. Ẹranko wo ló wà nínú igbó wa nígbà èwe yín, tí àwọn ọmọ yín ò rí mọ́? Kí ló lé e lọ? Kí la lè ṣe kó tó tán pátápátá? Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.