Ọmọ Ìjọ àti Iṣẹ́ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ní Ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ọmọ Ìjọ tí ó fẹ́ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe iṣẹ́ ṣe. Katikíìsì ni àwa, a kì í ṣe oníṣègùn. Ìtàn Ìjọ ni a mọ̀. Nítorí náà, láti inú ìtàn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1841, ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Odò Ọya. Samuel Ajayi Crowther wà pẹ̀lú wọn. Ète wọn dára, wọ́n sì gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ibà dìde sí wọn, àwọn Òyìnbó tí ó kú sì lé ní 40. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ Pleiad tún gba ojú odò kan náà lọ. Dókítà Baikie ni olórí rẹ̀, Crowther sì tún wà níbẹ̀. A kò rò pé àdúrà ti èkejì gbóná ju ti èkíní lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé Baikie mú kí wọ́n máa lo kuiníìnì, oògùn kíkorò tí a ń rí láti ara èèpo igi, kí ibà tó dé rárá. Kò sí Òyìnbó kan ṣoṣo tí ó kú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1857, ni Iṣẹ́ Ìhìnrere Odò Ọya bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹni tí ó gbé oògùn mì kò ní ìgbàgbọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wí.

Ní ọdún 1855, Ẹgbẹ́ C.M.S. yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sierra Leone láti lọ kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Horton, Campbell, àti William Broughton Davies, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Àìsàn dá Campbell padà sílé, ó sì kú. Àwọn méjì yòókù di dókítà. Horton, tí a ti ń kọ́ ní Fourah Bay fún iṣẹ́ àlùfáà, kọ ìwé ní 1867 lórí ojú ọjọ́ àti àrùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ kíyèsí i pé Ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó rán wọn.

Ṣùgbọ́n ilé tí ó wù wá jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ilé Henry Johnson, nítorí irú iṣẹ́ tiwa ni ó ṣe. Ó bá Hinderer ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, owó oṣù rẹ̀ kò sì ju owó oṣù irú wa lọ! Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Henry àti Nathaniel di archdeacon. Samuel di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Obadiah di dókítà, ó gba oyè M.D. ní Edinburgh ní 1889, ohun tí ó sì kọ̀wé lé lórí fún oyè náà ni ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gbogbo yín mọ ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel kọ. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Samuel sì kú ní 1901. Ta ni ó wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ? Obadiah ni. Òun náà kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921. Dókítà ni ó gba iṣẹ́ àlùfáà là.

A mọ ìtàn yìí dáadáa ní ọjọ́ tí a hu ìwà tí a fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí, kò sì ràn wá lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì Bíbélì wa nígbà kan. Ó ní olùkọ́ òun sọ pé àwọn àpáta ńláńlá ilẹ̀ wa ti wà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún, ó sì béèrè bí a ó ti so ó pọ̀ mọ́ ọjọ́ mẹ́fà. A kò mọ ìdáhùn. Ojú tì wá láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé; ibẹ̀ ni ìbínú wa ti wá. A ní kí ó bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí àga, ó sì lọ.

Ní àìpẹ́ yìí, ìjọ gbẹ́ kànga ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò kan omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá, ó wọn ilẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, ó ní abẹ́ àpáta líle bí ti ìhín kì í ní omi àfi níbi tí àpáta bá ti sán tàbí tí ó ti jẹrà. Ó nawọ́ sí ibì kan nítòsí igi máńgòrò. Omi tí ẹ mu lónìí, ibẹ̀ ni ó ti wá. A bi í pé ta ni ó kọ́ ọ. Orúkọ ọmọbìnrin náà ni ó dá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ iye tí ẹ̀rọ kò fi hàn yín sínú ìwé, irọ́ ni, bí ẹ tilẹ̀ gbàdúrà kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀; àgbà yín kan kò lè sọ ọ́.

A kọ lẹ́tà sí i, a tọrọ àforíjì. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: ó ní òun yóò wá sí ìsìn ọpẹ́ ọjọ́ Àìkú. A ti bá ọ̀gá akọrin sọ̀rọ̀. Aṣọ kan wà ní ilẹ̀ tí a ti lọ̀, bí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́.