Nígbà Tí “O Ti Sanra” Di Èébú

Ọ̀rọ̀ òní kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin ọdún 16 kan, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Télọ̀ fi téépù yí i níbàdí, ó ké nọ́ńbà rẹ̀ sókè fún ọmọṣẹ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Háà, o ti sanra o! Ti èṣí ò lè wọ̀ ọ́ mọ́.” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó ní òun ò jẹun alẹ́.

Láyé àtijọ́, ìkíni ire ni gbólóhùn yẹn. Ẹni tó ti àjò dé tó sanra, àlàáfíà ló rí. Ẹni tó bá rù ni wọ́n ń káàánú. Ojú ayé ti yí. Ní 2001, Agbani Darego di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba adé Miss World. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn New York Times jábọ̀ láti Èkó pé “lẹ́pa” ti ń borí “oróbó” lójú àwọn ọ̀dọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní àwọn erékùṣù Fiji, níbi tí ara tó kún ti jẹ́ ẹwà. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga ní 1995. Lásìkò yẹn, nínú àwọn ọmọbìnrin tí olùwádìí Anne Becker fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kò sí ẹnì kan tó ń fipá bì kó má bàa sanra. Nígbà tó fi máa di 1998, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti di 11.3 nínú 100.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ló ń ní irú àìsàn yìí. Ìwádìí fi hàn pé bí anorexia, àìsàn tí èèyàn fi ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù sísanra, bá mú ọ̀kan nínú ìbejì, ó ṣeé ṣe kó mú èkejì náà bí wọ́n bá ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá ju bí wọ́n bá ti inú ẹyin méjì wá lọ. Ó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ìwà ọmọ náà wà níbẹ̀: ẹni tí kì í fẹ́ ṣàṣìṣe rárá, tí máàkì 95 lè pa lẹ́kún.

Ebi fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Ní 1944 sí 1945, olùwádìí Ancel Keys dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tára wọn le kù fún oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Minnesota. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò tọ̀sán tòru. Àwọn kan ń ṣa ìwé ìsebẹ̀ jọ. Nígbà tí wọ́n tún lómìnira láti jẹun, àwọn kan jẹ àjẹkì, síbẹ̀ wọn ò yó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀, ebi náà lè gba ọpọlọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà lágbára, àwọn ará ìlú Òkukù ló sì yẹ kó tètè yé. Ibẹ̀ ni olùwádìí Karin Barber ti kẹ́kọ̀ọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991. Ẹni tí wọ́n bá kì, orí rẹ̀ á wú. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá lè mú orí wú, ta ló sọ pé kò lè mú ara joro?

Nílé wa, àìsàn yìí mọ bó ṣe ń fara pa mọ́. Ọmọ ò jẹun, wọ́n ní ọgbẹ́ inú (ulcer) ni, tàbí pé àwẹ̀ ló ń gbà, tàbí pé ọwọ́ ò sí. Ẹni tí gààrí rẹ̀ tán yàtọ̀ sí ẹni tí gààrí wà níwájú rẹ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Àwọn ọkùnrin náà máa ń ní àìsàn yìí. Ẹni tó sì ń bì léraléra, potassium ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí ọkàn á máa lù ségesège.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń sá fún àwo oúnjẹ, tó ń ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹun, tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ má nà án. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAUTHC) ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ nọ́ńbà ìbàdí ọmọ sínú ìwé láìpariwo.