Ìmọ̀ràn ni Iṣẹ́ Ìgbìmọ̀, Àṣẹ Kọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́



Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé fún mi láti sọ lè dàbí àjèjì létí àwọn kan nínú wa. Ọ̀rọ̀ náà ni ti sísìn láìgba owó nínú ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn, láàrin àwùjọ àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì rárá. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun nísinsìnyí, àwọn kan nínú wọn sì ti wà nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá dára, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó pè wọ́n pé kí wọ́n wá jókòó láàrin àwọn olùdámọ̀ràn. Kí ọjọ́ náà tó dé ni ó yẹ kí a ti jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Kí ni a ń pe ènìyàn sí nígbà tí a bá pè é sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé oyè ni, tàbí ẹrù?

Èmi wí pé ẹrù ni. Mo sì tún wí pé ẹrù náà kì í ṣe ti àṣẹ pípa. Ẹrù gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹrù ìmọ̀ràn ni, ẹrù ṣíṣọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ni, kí àárẹ̀ má baà gbé wọn lọ.

Irú àwùjọ wo ni èyí?

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ó sábà máa ń fi àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ pamọ́, gẹ́gẹ́ bí olóúnjẹ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí òun fi sínú ọbẹ̀. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà sí gbangba, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Èyí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní open source. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux. Orí rẹ̀ ni a kọ́ Android lé, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí ó wà lápò wa. Ní ọdún 1993 ni Ian Murdock bẹ̀rẹ̀ Debian, èyí tí ó kó Linux àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò mìíràn jọ sí ojú kan, kí ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n láìsan kọ́bọ̀. Títí di òní, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ń gbé Debian ró.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ẹ kò san owó fún, ẹ kò lè gé owó-oṣù rẹ̀, ẹ kò sì lè halẹ̀ mọ́ ọn pé ẹ ó lé e lẹ́nu iṣẹ́. Òfin Debian, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1998, sọ ọ́ ní gbangba pé iṣẹ́ kankan kò di dandan fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó kọ̀ fún un ni pé kí ó máa ba ìpinnu tí a ṣe lọ́nà ẹ̀tọ́ jẹ́. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ bí ọba sí irú àwọn ènìyàn báyìí, púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní bá a jà. Wọn yóò kàn palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Ìgbìmọ̀ yóò wà lórí àga, iṣẹ́ yóò sì dúró. Ohun tí ó wà nínú ewu nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ ka ojúṣe mẹ́rin fún yín.

Èkíní: kí olùdámọ̀ràn gbọ́ tọ̀tún-tòsì

Debian ní ìgbìmọ̀ kan tí ń bójú tó ọ̀ràn ìmọ̀-ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ju mẹ́jọ lọ. Òfin fún un ní àyè láti dámọ̀ràn, ṣùgbọ́n ó ní kí ìdájọ́ jẹ́ ohun ìkẹyìn, nígbà tí gbogbo ọ̀nà ìfikùnlukùn bá ti dí. Ìgbìmọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ máa hùmọ̀ iṣẹ́ tuntun fúnra rẹ̀; láàrin àbá tí àwọn ẹlòmíràn bá gbé wá ni yóò ti yàn. Bí ó bá sì fẹ́ yí ìpinnu òṣìṣẹ́ kan padà, ìbò mẹ́ta sí ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ ní. Ẹ wo bí wọ́n ti so okùn mọ́ ọwọ́ agbára! Àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀, pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2014, àríyànjiyàn ńlá kan dé iwájú ìgbìmọ̀ yìí. Ètò wo ni kí ó máa jí àwọn iṣẹ́ yòókù nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà? Àwọn kan fẹ́ systemd, àwọn kan fẹ́ Upstart. Ìbò pín ní ọgbọọgba, mẹ́rin síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún, ìbò alága, Bdale Garbee, ni ó sì já ọ̀ràn náà sí ọ̀dọ̀ systemd. Ìdájọ́ náà dúró, ṣùgbọ́n gbọ́nmi-si-omi-ò-tó kò tán. Kí ọdún náà tó parí, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́jọ náà ti fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èmi kò wá láti sọ ẹni tí ó jàre. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé ìbò kan ṣoṣo lè parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò lè parí ìjà. Ẹni tí ó jàre àti ẹni tí ó jẹ̀bi, ilé kan náà ni wọ́n ń padà sí. Lẹ́yìn tí a bá ti ka ìbò tán ni iṣẹ́ olùdámọ̀ràn gan-an ń bẹ̀rẹ̀: kí ó lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bọ́ sí lápò, kí ó ṣàlàyé ìdí fún un, kí ó sì wá àyè tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èkejì: kí ó sọ ibi tí òun ti ń jẹun

Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ni ó dá Python sílẹ̀, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé. Ní oṣù keje ọdún 2018, lẹ́yìn àríyànjiyàn gbígbóná lórí àfikún kékeré kan, ó ní òun fi ipò náà sílẹ̀. Kò yan àrólé. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà jókòó, wọ́n gbèrò, wọ́n dìbò, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kalẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ìgbìmọ̀ yìí ní àṣẹ púpọ̀ ju ti olùdámọ̀ràn lásán lọ. Síbẹ̀ òfin rẹ̀ ní kí ó wá ìfẹnukò, kí ó sì lo àṣẹ náà níwọ̀nba.

Nínú òfin kan náà, ènìyàn méjì péré ni ó lè wá láti ilé-iṣẹ́ kan náà. Èéṣe? Nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń fi Python pa owó, wọ́n sì ń san owó-oṣù fún púpọ̀ nínú àwọn tí ń tún un ṣe. Ẹnu tí ó bá jẹ dòdò, kò lè sọ òdodo. Olùdámọ̀ràn tí ó jẹ́ olóòótọ́ kì í dúró kí a tó tú àṣírí rẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò ni yóò ti wí pé, “Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan ibi tí mo ti ń gba owó-oṣù, ẹ jẹ́ kí n yẹra.” Àmáánà ni àga náà. Ẹni tí a fi àmáánà lé lọ́wọ́ kì í fi ṣe òwò.

Ẹ̀kẹta: kí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dìde

Ní ìparí ọdún 2014 kan náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Debian dìbò láti fi gbèdéke sí àkókò àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wọn. Lọ́dọọdún, àwọn méjì tí ó bá pẹ́ jù lọ lórí àga, bí wọ́n bá ti lò ju ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, yóò sọ̀kalẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀. Oyè tí ó kan ará iwájú, ó ń bọ̀ wá kan èrò ẹ̀yìn. Àga tí a kò dìde lórí rẹ̀ ni ó ń di ti bàbá ẹni. Ẹni tí ó bá sì dìde nígbà tí a ṣì ń fẹ́ ẹ ni a tún máa ń lọ bá nílé fún ìmọ̀ràn.

Ẹ̀kẹrin: kí ó ṣọ́ ẹni tí ó ń dá ẹrù gbé

Èyí ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ètò kékeré kan wà tí à ń pè ní XZ Utils, tí a fi ń fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìgba owó. Ní ọdún 2022, ó sọ ọ́ síta pé agbára òun kò tó bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn kan tí a kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní kẹ́ṣẹ́ pé ó ń fa ẹsẹ̀, pé kí ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹnìkan sì wà nítòsí tí ó ń fi sùúrù ràn án lọ́wọ́. Ó fọkàn tán ẹni náà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Nígbà tí ó di ọdún 2024, olùrànlọ́wọ́ yìí ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ètò náà, èyí tí a lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó ti dé inú ẹ̀dà ìdánwò Debian àti ti Fedora kí Andres Freund tó ṣàkíyèsí pé kọ̀ǹpútà òun ń pẹ́, ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún òun. Ó wádìí, ó rí i, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024. Bí kì í bá ṣe ojú tí ó mú yẹn, ibi ńlá ni ì bá ti jáde.

Kí ni ó ṣí ọ̀nà fún ọ̀tá? Àárẹ̀ ènìyàn kan tí kò ní alábàárù. Nítorí náà, ìbéèrè tí olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ máa béèrè ní gbogbo ìpàdé ni èyí: ta ni ó ń dá ẹrù gbé láàrin wa? Ta ni kò tíì sinmi? Ta ni a ń ké mọ́ tí a kò ràn lọ́wọ́? Bí ìgbìmọ̀ bá lè dáhùn ìyẹn nìkan, tí ó sì wá alábàárù fún ẹni náà, ó ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún ìwé ìkéde lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí yín. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀, ṣe àpéjọ ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Èkó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ tún àṣìṣe kékeré ṣe, ẹ ṣàlàyé ohun tí kò yé ẹni tuntun, ẹ túmọ̀ ètò sí èdè Yorùbá kí ìyá yín náà lè lò ó. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì pè yín sí ìgbìmọ̀, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni: kí ni òfin fún wa láyè láti ṣe? Ọjọ́ wo ni n ó dìde? Ṣé àkókò tí mo ní, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ àti ìdílé mi, tó láti gbọ́ ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Bí ìdáhùn sí èyí tí ó kẹ́yìn bá jẹ́ rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọ̀ ọ́. Kíkọ ẹrù tí apá kò ká kì í ṣe àbùkù.

Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ń gbọ́ ju ẹnu tí ń sọ lọ.