Púlì ẹ̀rọ gàrí tó fọ́: ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sọ

Ọ̀rọ̀ alumíníọ̀mù ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ohun tójú màmá mi rí.

Lóṣù tó kọjá, púlì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá fọ́ sí méjì. Tuntun ni o! Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbágùúdá tí wọ́n ti bó jẹrà sílẹ̀. Mo lọ bi ẹni tó bá wọn dà á pé kí ló yọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ohun tó bá ti fúyẹ́ tó ń dán ni. Agolo, wáyà, písítìn." Mi ò bá a jà. Ta ló kọ́ ọ?

Ẹ gbọ́, alumíníọ̀mù ò wúwo ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta irin lọ, àmọ́ tó bá dá wà, ó rọ̀. Ohun tí wọ́n yọ́ mọ́ ọn ló ń fún un lágbára. Ní 1906, ará Jámánì kan, Alfred Wilm, fi bàbà díẹ̀ àti magnesium ín-ín-tín sí i, ó gbé e gbóná, ó rì í sómi. Kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ìgbà tó padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti le sí i fúnra rẹ̀! Bàbà inú rẹ̀ ló ṣù jọ ní kéékèèké, tí kò jẹ́ kí inú rẹ̀ yọ̀ mọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin. Ní 1998, èyí tó ní lithium mú táńkì ńlá Space Shuttle fúyẹ́ sí i ní ohun tó ju kílò 3,000 lọ.

Ìwọ̀n ni gbogbo ẹ̀, àbí? Písítìn ní silicon púpọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó ṣàn dáadáa tí wọ́n bá ń dà á. Wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan nínú. Tí bóòtù irin bá wá yọ́ mọ́ wọn, á dì bí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń là.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn ṣa páńtí wọn: písítìn lọ́tọ̀, agolo lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní sípíkà tó ti bàjẹ́, kó yọ mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe alumíníọ̀mù. Òjé bátìrì ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, torí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀ wa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ o.