Ìgbín Nínú Ọgbà Ẹ̀fọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan lójú ẹni tí kò gbin ẹ̀fọ́ rí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó bá tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ní kìkì igi, òun ni ó mọ ohun tí mo ń wí.

Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ìgbín àti ìlákọ̀ṣẹ, àti irú wọn tí kò ní ìkarahun, a jáde lóru láti jẹ ewé tútù. Oòrùn a máa gbẹ omi ara wọn, nítorí náà abẹ́ òkúta àti pákó jíjẹrà ni wọ́n ń sá sí lọ́sàn-án. Ẹ gba ilé wọn lọ́wọ́ wọn: ẹ kó pàǹtí kúrò, ẹ ro ìdí ọgbà mọ́, ẹ sì hú ẹyin wọn jáde, nítorí gbogbo ìgbín tí ó dàgbà ni ó jẹ́ akọ àti abo pọ̀, tí ó sì lè yé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn a máa dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, a sì sùn. Ṣùgbọ́n ní àkùrọ̀ tí à ń bomi rin, ilẹ̀ tútù kì í jẹ́ kí ó sùn.

Eérú ń dí wọn lọ́nà níwọ̀n ìgbà tí ó bá gbẹ. Òjò kan ṣoṣo, agbára rẹ̀ tán. Iyọ̀ ń pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba ilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Májèlé ni mo fẹ́ bá yín sọ púpọ̀ lé lórí. Láti ẹ̀yìn ọdún 1930 ni àwọn òyìnbó ti ń fi metaldehyde pa ìgbín; ó ń pa ajá àti ẹyẹ pẹ̀lú, títí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ka lílò rẹ̀ nínú ọgbà léèwọ̀ ní 2022. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ó pa ìgbín inú ọgbà kì í sábà jẹ ẹ́. Àwa ńkọ́? Ìgbín tí ó jẹ májèlé lè rá dé ẹ̀bá ọ̀nà kí ó tó kú, ọmọ aládùúgbò tí ó gbé fìtílà dání a sì mú un lọ sínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Nítorí èyí, èmi kò rí àyè fún májèlé nínú ọgbà wa rárá, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ní 1966, ọmọdékùnrin kan mú ìgbín mẹ́ta láti Hawaii wá sí Florida ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó kéde ní 1975 pé ó tán, wọ́n ti rí ju 18,000 lọ, ìnáwó rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan dọ́là. Ohun tí wọ́n fi owó lé, ọbẹ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ da èèpo ìbẹ́pẹ bolẹ̀ láàárín ebè ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé fìtílà àti agbọ̀n, kí ẹ ṣà wọ́n. Ẹ pa àwọn kékeré. Ẹ wẹ ọwọ́ yín, ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí ẹ sì se ìgbín náà jinná, nítorí aràn kan ń ti ara eku bọ́ sínú ìgbín, èyí tí ó lè wọ ọpọlọ ènìyàn.